Atọ́kùn àti Ọ̀gá Ẹgbẹ́: Ìdarí àti Ọ̀rọ̀ Sísọ Nínú Ètò Tẹlifíṣàn ní Ilẹ̀ Yorùbá, 1959 sí 1988

Ìfáárà

Inú igbó ìgbàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá ń lò fún ẹni tí ó ń darí ètò lórí tẹlifíṣàn ti jáde. Atọ́kùn ni wọ́n ń pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe ẹni tí ó ń tọ́ eégún. Atọ́kùn eégún kì í gbé ẹ̀kú wọ̀. Ọ̀pá ìṣan ni ó ń mú lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì ni irin iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Òun ni ó ń la ọ̀nà láàárín èrò. Òun ni ó ń sọ fún ará ọjà pé kí wọ́n sún sẹ́yìn. Nítorí pé ojú àwọ̀n kì í jẹ́ kí eégún ríran dáadáa, òun kan náà ni ó ń sọ fún eégún pé gegele wà níwájú, pé onílù ti yí ìlù padà, pé ó tó àkókò láti kúrò ní agbo. Bí ọdún bá dùn, eégún ni àwọn ènìyàn ń yìn. Bí eégún bá ṣubú, atọ́kùn ni wọ́n ń bi léèrè.

Irú olórí mìíràn wà nínú eré Yorùbá, ìyẹn ni ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ni ó ni ìtàn, òun ni ó ni ọkọ̀, òun ni ó ni ìlù àti aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gbé ẹ̀kú wọ̀, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn san owó láti wá wò. Ìwádìí J. A. Adédèjì ti fi hàn pé láti ara eégún ààfin Ọ̀yọ́ Ilé ni eré alárìnjò ti ṣẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni irú olórí méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà wọn kò dọ́gba. Nígbà tí tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn ní 1959, àwọn méjèèjì tún pàdé nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ iná tí ń jó ni lára. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ọ̀gá ẹgbẹ́ kan tí ó pẹ́ lórí tẹlifíṣàn tí kò ní láti kọ́ iṣẹ́ atọ́kùn lọ́nà kan tàbí òmíràn, àti pé ohun tí ẹ̀kọ́ náà ná wọn kò kéré.

Ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti fèsì

Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tí àwọn Yorùbá fún rédíò, ìdájọ́ sì wà nínú orúkọ náà. Ní àwùjọ tí ìkíni kì í parí títí a ó fi dá ẹni tí ó kí ni lóhùn, tí apàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn àfi bí àwọn ọmọ bá gbè é, ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì kò jìnnà sí aláfojúdi. Ìṣèlú ni ó kọ́kọ́ fi ojú ìwà yìí han àwọn aṣáájú Ìwọ̀ Oòrùn.

Ní oṣù kẹta, 1953, Anthony Enahoro gbé àbá òmìnira wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Àríyànjiyàn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group fi dìde kúrò nínú ilé. Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí wọ́n ṣe. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí a fún òun náà ní àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Òfin ìpìlẹ̀ 1954 ni ó wá ṣí ọ̀nà fún àwọn ìjọba ẹkùn láti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò sì jẹ́ kí ọ̀nà náà hu koríko. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, pẹ̀lú àjọṣe ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣí WNTV ní Ìbàdàn. Àwọn ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán rẹ̀ wà ní òkè Màpó àti ní Abàfọ̀n. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni ilé iṣẹ́ náà ń pe ara rẹ̀. Enugu tẹ̀lé e ní ọjọ́ òmìnira, 1960. Kaduna àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dé ní 1962.

Ẹni tí ó bá rántí ọ̀rọ̀ 1953 yóò mọ̀ pé ìfẹ́ láti fèsì ni ó bí ilé iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n rà kì í gba èsì ju ti ìṣáájú lọ. Èyí ni ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó síwájú kámẹ́rà. Ojú Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí. Kúnlé Ọlásopé wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ka ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ń lọ sí ilé àgbà àti ilé ọmọdé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí ń sọ ọ́ kò sì rí ẹnì kankan bí kò ṣe gíláàsì dúdú kan àti ọkùnrin tí ó dúró tì í. Àgbà tí ó bá dìde sọ̀rọ̀ ní gbàgede máa ń wo ojú àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá mi orí, yóò tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá ń kùn, yóò dá ẹnu dúró tàbí kí ó fi òwe tún un ṣe. Atọ́kùn orí tẹlifíṣàn ní láti fi ọkàn yàwòrán ojú wọ̀nyí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ètò ìbẹ̀rẹ̀, fíìmù láti òkèèrè sì kún inú rẹ̀. Nígbà tí ètò Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, ìṣòro náà fara hàn nínú gírámà pàápàá: ìwọ ni tàbí ẹ̀yin? Ẹ̀yin ni àwọn atọ́kùn mú, nítorí pé ọmọdé kò ní bínú bí a bá fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àgbà yóò bínú bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ń lo "ẹ kú ìkàlẹ̀", ìkíni tí ó bá gbogbo ẹni tí ó jókòó mu, ìbáà ṣe lórí àga tàbí lórí ẹní. Ọgbọ́n ńlá wà nínú nǹkan kékeré yìí. Atọ́kùn tí ó bá kí òǹwòran bẹ́ẹ̀, tí ó sì dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni pé ó gbọ́ ìdáhùn, ti sọ asọ̀rọ̀mágbèsì di àlejò tí ó mọ ìwà hù. Kì í ṣe ìwé ìlànà kankan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá sì wà, ó ṣòro kí èdè Yorùbá jókòó sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn títí.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a rántí ni pé ìjọba ni ó ni ilé. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú, ẹgbẹ́ náà kò sì lè ṣeré ní ẹkùn náà títí di 1966. Ní oṣù kẹwàá, 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀, ẹnì kan mú ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Ìbàdàn, ó sì fi agbára mú àwọn òṣìṣẹ́ láti yọ téèpù ọ̀rọ̀ S. L. Akíntọ́lá kúrò, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ìbọn náà dojú kọ kì í ṣe gbajúmọ̀. Wọ́n jẹ́ àwọn tí ń yí téèpù, tí ń tẹ bọ́tìnnì. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ibi tí àṣẹ wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀: ó wà lẹ́yìn gíláàsì, lọ́wọ́ ẹni tí òǹwòran kò rí.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ wọ sítúdíò

Láti 1945 tí Ògúndé ti sọ eré di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ìlànà ìdarí kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn òṣèré alárìnkiri. Ọmọ iṣẹ́ ni òṣèré. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ó ń gbé, ọwọ́ ọ̀gá ni ó ti ń gba ohun tí ó bá kàn án, nígbà tí ó bá kàn án. Àwọn obìnrin kò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà nítorí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo obìnrin tí ń ṣeré, èyí tí ó bá sì wá lè lọ sí ilé ọkọ nígbàkúùgbà. Nítorí náà Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀. Ilé, iṣẹ́ àti ìgbéyàwó wà lábẹ́ òrùlé kan, ẹnì kan ni olórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A lè sọ pé ìlànà yìí le, ó sì le ní tòótọ́, pàápàá fún àwọn ìyàwó tí orúkọ wọn kò hàn gàdàgbà nínú ìwé ìtàn eré. Ṣùgbọ́n òun ni ó gbé ẹgbẹ́ láti ìlú dé ìlú ní àkókò tí kò sí ìrànwọ́ láti ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé eré wọn. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn, yóò pín ipò, òṣèré kọ̀ọ̀kan yóò sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láàárín ààlà tí ọ̀gá là. Bí òṣèré bá ṣìnà lórí ìtàgé, ọ̀gá tí ó wà lórí ìtàgé pẹ̀lú rẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ fà á padà, òǹwòran kò sì ní mọ̀. Bí ibì kan bá dùn mọ́ èrò, wọn yóò fà á gùn. Onílù mọ ojú ọ̀gá. Orin ìbẹ̀rẹ̀ àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ lè gbà tó ìdajì wákàtí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìjúbà sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé òṣèré tí kò júbà kò tíì wọ agbo.

Ìdajì wákàtí náà ni gbogbo àkókò tí tẹlifíṣàn ní. Ìròyìn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ. Nǹkan kejì tí ó lọ ni èrò. Ẹlẹ́fẹ̀ tí ó ti mọ́ lára láti dúró de ẹ̀rín kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kejì bá ara rẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́. Ìrìn pàápàá yí padà: a fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀, òṣèré tí ó bá kọjá àmì ti jáde kúrò nínú àwòrán, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin. Iná pupa kékeré lórí kámẹ́rà ni ó ń fi èyí tí ń ríran hàn. Ìyàn oríṣiríṣi àwòrán sì wà lọ́wọ́ olóòtú nínú yàrá kejì, ẹni tí kì í bá òṣèré sọ̀rọ̀ tààrà. Etí òṣìṣẹ́ kan ni ó ń sọ̀rọ̀ sí, òṣìṣẹ́ náà yóò sì fi ọwọ́ ṣe àmì.

Níbí ni wàhálà wà. Olóòtú sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó kàwé, tí owó oṣù rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ọ̀gá ẹgbẹ́ jẹ́ àgbà tí ó ní ìyàwó, ọmọ àti ọmọ iṣẹ́ tí ń pè é ní Bàbá. Àmì tí a fi ń sọ pé kí eré bẹ̀rẹ̀ ni kí a na ìka sí òṣèré. Nílẹ̀ Yorùbá, ìka tí ọmọdé nà sí àgbà lójú kò ní ìtumọ̀ méjì. Ọwọ́ tí a fi gé ọ̀fun láti sọ pé àkókò ti tán kò tilẹ̀ ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí olóòtú bá ké pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n tún un ṣe, ojú ta ni yóò tì: ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣìṣe, tàbí ọ̀gá tí a bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wí níwájú rẹ̀?

Ọ̀nà tí ó bá àṣà mu ni pé kí olóòtú pe ọ̀gá sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú, kí ó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó fi àkókò àti ààlà lé e lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá ni ẹgbẹ́ yóò ti gbọ́ àṣẹ. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún un ṣe" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lásán níbi iṣẹ́. Àṣẹ ni, a kàn wọ aṣọ ọ̀wọ̀ fún un ni. Olóòtú tí ó mọ̀ ọ́n sọ yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ gbogbo iṣẹ́ kámẹ́rà, kí ẹgbẹ́ sì kó ẹrù wọn padà sínú ọkọ̀. Ọ̀gá ní tirẹ̀ ti di ẹni tí ó dúró láàárín ẹ̀rọ àti eégún. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ atọ́kùn.

Ọ̀nà mẹ́ta

Àwọn ọ̀gá kò gbà á bákan náà. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà, ti darí ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kí ó tó di Baba Sala. Sunday Adéníyì tí ó di King Sunny Adé wà lára àwọn tí ó ta gìtá fún un. Nígbà tí ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ dé orí WNTV ní àwọn ọdún 1960, ó rí ohun kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tètè rí: pé kámẹ́rà ń fẹ́ ohun tí ojú ń rí. Ó wọ gíláàsì ojú ńláńlá tí kò ní gíláàsì nínú, ó so táì alápá labalábá tí ó fẹ̀ ju èjìká ọmọdé lọ, ó sì gbé aago orí tábìlì kọ́ ara gẹ́gẹ́ bí aago ọwọ́. Kí ó tó la ẹnu, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé onílé, kò sì nílò láti dúró de èrò tí kò sí. Bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀, aago ńlá tí ó gbé kọ́ ara jẹ́ yẹ̀yẹ́ tí ó dára jù lọ fún aago kékeré tí ń pàṣẹ nínú sítúdíò. Ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀kú, òun ni atọ́kùn, òun ni ọ̀gá. Kò sí ẹni tí ó lè gba ipò Baba Sala, kò sì sí ìgbà kan tí ẹgbẹ́ náà gbìyànjú rẹ̀.

Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo gba ọ̀nà mìíràn. Ọba Kòso tí ó gbé jáde ní 1963 ti dé Berlin ní 1964 àti London ní 1965. Ewì, bàtá àti dùndún ni agbára rẹ̀, irú agbára bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ àyè gbalasa. Nígbà tí ó ń ṣe Bódé Wáṣinmi fún tẹlifíṣàn Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni. Ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ dán eré kan títí yóò fi máa kọ mọ̀nà ní láti wá ìtàn tuntun kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Àwọn kan lè sọ pé tẹlifíṣàn jẹ àkókò rẹ̀ run; àwọn mìíràn lè sọ pé òun ni ó jẹ́ kí ará ilé tí kò lè dé gbọ̀ngàn eré mọ̀ ọ́n. Òtítọ́ wà lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni ó wúwo jù. Ó kú ní oṣù kẹta, 1978, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì tún rí bí ó ti rí mọ́.

Ọ̀nà Oyin Adéjọbí, tí òun náà jẹ́ ará Òṣogbo, ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Ètò ilé ẹjọ́ ni Kóòtù Aṣípa tí ó ń ṣe lórí NTA Ìbàdàn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń jókòó sí àga ìdájọ́. Iṣẹ́ adájọ́ kí ni? Òun ni ó ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Òun ni ó ń sọ pé ó tó. Bí ẹlẹ́rìí bá ń rojọ́ gùn ju bí ó ti yẹ lọ, adájọ́ lè dá a lẹ́kun. Bí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ bá gbàgbé ohun tí ó kàn, adájọ́ lè bi í léèrè títí yóò fi rántí. Ohun tí òṣìṣẹ́ tí ń ṣe àmì ọwọ́ ń ṣe lẹ́yìn kámẹ́rà, Adéjọbí lè ṣe é níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, nínú ìtàn, láìtàbùkù ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣèré rẹ̀ kò lo ìwé, wọn kò sì ṣìnà, nítorí pé atọ́kùn wà láàárín wọn nínú aṣọ adájọ́. Kò dájú pé ẹ̀kọ́ kan láti òkèèrè ìbá ti bí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Owó tẹlifíṣàn kò tó nǹkan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òkìkí ni wọ́n ń gbà: ojú tí ìlú ti rí nínú ẹ̀rọ ni ìlú yóò san owó láti rí ní gbọ̀ngàn.

Ìletò tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀

Ọlọ́fìn-ín-tótó yóò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbìyànjú láti darí eré láìsí ọ̀gá ẹgbẹ́ rárá. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ṣe é. Ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ ni, a bí i ní 1935, ó sì wà lára àwọn olóòtú àkọ́kọ́ ní WNTV. Ní oṣù kẹjọ, 1960, òun ni ó darí My Father's Burden tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún tẹlifíṣàn. Ẹ̀yìn èyí ni ó lọ sí Èkó, ní 1968 sì ni The Village Headmaster, tí ó ti kọ́kọ́ jẹ́ eré orí rédíò, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ìjọba àpapọ̀.

Olúṣọlá kò ní ọkọ̀ òṣèré, kò sì ní ọmọ iṣẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn òṣèré rẹ̀ ti ń wá, ọ̀pọ̀ wọn sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti pìjìn ni wọ́n ń sọ ní ìletò Ọjà, ìletò tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọba rẹ̀, ìjòyè rẹ̀ àti òfófó rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé. Ẹni tí kò ní àṣẹ bàbá lórí òṣèré gbọ́dọ̀ wá àṣẹ mìíràn. Ìwé ni ó fi rọ́pò rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀, tí olóòtú, òǹkọ̀wé àti òṣèré jọ mọ̀, tí ẹlòmíràn lè gbé bí ẹnì kan bá sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn mìíràn ń kọ ọ́, àwọn mìíràn ń darí rẹ̀. Dẹ́júmọ̀ Lewis tí ó ń ṣe Kábíyèsí wà lára àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ eré náà.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀, ẹni tí eré náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ted Mukoro ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Fẹ́mi Robinson gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Justus Esiri ni ó ṣe ẹ̀kẹta. Ẹ̀kú kan, ènìyàn mẹ́ta. Fún ẹgbẹ́ Aláwàdà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ìbá jẹ́ òpin ẹgbẹ́. Ní Ọjà, ará ìletò kí ọ̀gá ilé ìwé tuntun káàbọ̀, eré sì ń lọ.

Ohun tí ọ̀nà yìí sọ nù náà kò ṣeé fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kò lè nà bí ti Adéjọbí, òṣèré tí ìtàn kò ti inú rẹ̀ jáde kì í sì í ru ẹrù ìtàn bí ti ọmọ iṣẹ́ Ládípọ̀. Síbẹ̀, ogún ọdún ni eré náà lò.

Lẹ́yìn 1977

Òfin ìjọba ológun ní 1977 kó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ẹkùn àti ti ìpínlẹ̀ jọ sábẹ́ NTA. Vincent Maduka, tí ó ti darí ti Ìbàdàn, ni olùdarí àgbà àkọ́kọ́. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 tún ṣí ọ̀nà fún àwọn ìpínlẹ̀. Lagos Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, 1980, ní ayé ìjọba Lateef Jákàńdè. Ilé iṣẹ́ pọ̀ sí i, gbogbo wọn ni ó sì ń wá ètò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rí i pé ojú tí òǹwòran bá ti mọ̀ lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Bíọ́dún Jéyífò fi ń tẹ ìwé rẹ̀ lórí eré alárìnkiri jáde ní 1984, àwọn ẹgbẹ́ náà ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bí òmíràn kò rí ọ̀nà tí yóò fi dá ọmọ dúró; àṣẹ bàbá ti fọ́, kò sì sí ìwé tí ó rọ́pò rẹ̀.

Ní apá kejì ẹ̀rọ, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀. Ní Ìdímù, Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, àwọn ìlú Àwórì tí oko ṣì yí ká nígbà náà lẹ́yìn Ìkẹjà, ilé tí ó bá ní tẹlifíṣàn kì í ṣe ilé ẹnì kan ní alẹ́. Àwọn ọmọdé ń jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn àgbà lórí àga, àwọn tí kò rí àyè ń wo ó láti ojú fèrèsé. Níbi tí iná kò bá dé, bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Ohun tí ó yẹ kí àwọn olùwádìí fiyè sí ni pé wọn kì í dákẹ́. Bí atọ́kùn bá kí wọn, wọ́n á dáhùn. Bí òpùrọ́ bá ń rojọ́ nínú eré ilé ẹjọ́, wọn á sọ fún adájọ́ pé irọ́ ni. Ìyá àgbà á bú ọkùnrin tí ó lu ìyàwó rẹ̀ nínú eré. Kò sí èyí tí ó dé etí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tàbí Ìkẹjà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn nínú sítúdíò ti fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ní 1987, ìjọba yan Olúṣọlá ṣe aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ Etiópíà. The Village Headmaster ṣì wà lórí tẹlifíṣàn nígbà tí ó lọ. 1988 ni ó parí. Fúnṣọ́ Adéolú, tí ó ń ṣe Olóyè Ẹlẹ́yinmí ní ààfin Ọjà, gorí oyè ní 1990, ó di Aláyé ti Òde Rẹ́mọ, ó sì bọ́ sórí ìtẹ́ tí kò ní kámẹ́rà níwájú. Ibidun Allison ni ó ṣe obìnrin olófòófó kan nínú eré náà. Amebo ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí eré náà parí ṣì ń fi orúkọ náà pe ara wọn láàárín ọjà, láìmọ̀ pé ènìyàn kan ni ó jẹ́ ẹ rí.